Fíìmù Méjì, Òǹkọ̀wé Kan, àti Ìyá Tí Mo Yá Wọn

Ọjọ́ tí mo dé Warri, òjò ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Mo bọ́ sábẹ́ àtíbàbà kan, mo ní kó dá díẹ̀ kí n tó máa lọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo ṣì wà níbẹ̀, mo ń retí kó dá.

Òjò tiwa lọ́hùn-ún, nítòsí Ọ̀yọ́, ọmọlúàbí ni. Á kọ́kọ́ rán atẹ́gùn wá, á ṣú, ewúrẹ́ á sá wọlé, àwọn ìyá á ká aṣọ lórí okùn, kó tó wá dé. Ti Warri kì í kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ pàápàá rọ̀ débi pé bí o bá dúró pẹ́ lójú kan, bàtà rẹ á rò pé o ti délé. Nínú yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà ní Ekurede-Urhobo, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ẹja lábẹ́ ẹní mi. Mo mú un lọ fún onílé. Ó ní yàrá lòun fi háyà fún mi, òun ò fi ẹja kún un, kí n gbé e kalẹ̀ kí n máa lọ. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ẹja wà níbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe omi ló dẹ́rù bà mí jù. Ìkíni ni. Ọmọdé kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ na ọwọ́ sí mi ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n bọ òun lọ́wọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní bóyá ìyá rẹ̀ á gbá a létí. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo bọ ọmọ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti jìnnà sílé.

Iṣẹ́ tí mo mú ṣe ni títa nǹkan ìkọ̀wé. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí ilé ìwé tó sú mi, tàbí kí n tó sú ilé ìwé, àmọ́ mo mọ ìwé gbé. Mo gbé àtẹ kọ́ ọrùn ní oríta Enerhen: bírò, kàlẹ́ńdà, ìwé àwọn ọmọléèwé, Kùránì kéékèèké, ìgò tàdáwà. Nígbà tó yá, mo fi ìwé Òǹkọ̀wé kún un. Òǹkọ̀wé ni n ó máa pè é. Ẹ ti kà á nílé ìwé, ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ti di olóògbé. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lọ́yà ni, mi ò sì fẹ́ kó fìwé pè mí.

Ìlú kan náà ni èmi àti Òǹkọ̀wé. Ó wá sí Warri lóòótọ́, ó ṣe tíṣà níbẹ̀ fún ọdún méjì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yà lọ́dọ̀ mi. Ó gbé ìgò tàdáwà kan sókè, ó fi wo oòrùn, ó ní mo ti bu omi là á. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Mo sì ti bu omi là á. Gbogbo ohun tó wà láàárín wa láyé nìyẹn. Ojú ń tì mí láti sọ fún un pé ọmọ ìlú rẹ̀ ni mí.

Nígbà tí ìwé rẹ̀ wá dé orí àtẹ mi, obìnrin kan mú ọ̀kan, ó ṣí i, ó ti fẹ́ dá a padà. Ẹnu mi yára jù mí lọ. Mo ní, "Madam, the man wey write am na my friend. Na one mat we dey sleep." Obìnrin náà ra méjì.

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹní ti di yàrá. Kí ọdún tó yí, èmi ni mo ń di fìtílà mú nígbà tó ń kọ̀wé, èmi náà ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa ọmọbìnrin inú ìwé kejì, torí ó ti pinnu láti pa á. Àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á gbọ́ títí, wọ́n á rà. Wọ́n sọ mí ní Baba Book. Àwa Yorùbá Warri, àti ti mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá ṣèpàdé, àga iwájú ni wọ́n ń gbé fún mi, wọ́n ní ọ̀rẹ́ Òǹkọ̀wé ni.

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ìyá tó bí i níbi tó lọ. Nílé wa, bí mo bá ní èmi ni lágbájá, odindi àdúgbò á dá mi lóhùn pé irọ́ ni, àwọn mọ̀ mí. Ní Warri, ohun tí mo bá pe ara mi ni mo jẹ́. Mo gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ó tún máa ń ṣe mí bí ẹni tó wọ aṣọ tí wọn ò rán fún un. Ó bá mi lára mu, wọ́n ń yìn mí, síbẹ̀ mi ò lè kọjá ní oríta kan kí n má bojú wẹ̀yìn, kí ẹni tó ni aṣọ má lọ yọ.

Ẹ̀rù yẹn ti sùn lọ. Sìmí ló jí i.

Sìmíátù ni ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá dé ìsàlẹ̀, àmọ́ tí mo bá sọ ọ́ sí i, Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya fíìmù ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Edjeba. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wọlé wá, ó jókòó, ó gbé fóònù síwájú mi.

"Grandpa, I wan do film for your friend."

"Ọ̀rẹ́ mi wo?"

"Which other friend you get? Òǹkọ̀wé na. The time wey una two dey live for here. Nobody don touch that part."

Inú mi dùn, àyà mi sì já, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo fi ẹja sí i, mo fi fìtílà sí i. Mo fi ọ̀nì kan kún un tó máa ń gbé àgbọ̀n lé ojú fèrèsé wa kó lè gbọ́ bí Òǹkọ̀wé ṣe ń kàwé. Sìmí ní àwọn ò lè rí ọ̀nì tó gbọ́ràn, ó yọ ọ́ kúrò. Ó wá bi mí léèrè pé, "The day wey him dey leave house dey come Warri, how him mama do?"

Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀. Mi ò mọ ìyá Òǹkọ̀wé rárá. Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní láyé, mo bá yá wọn. Mo ní ìyá náà jí ní ìdájí, ó pọn omi ìwẹ̀ fún un, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i létí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń kì í títí wọ́n fi dé gáréèjì. Sìmí ní báwo ló ṣe kì í. Mo kì í bí wọ́n ṣe ń kì mí nílé wa:

"Àlàó, ọmọ abomi-tútù-pàdé-àlejò. Ọmọ ìyeyè kan tó so sójú ọ̀nà oko, tí baba rẹ ò jẹ́ kí wọ́n gé."

Omi bọ́ lójú mi. Omi bọ́ lójú Sìmí náà. Ó pa fóònù.

Ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá ń ka èyí ti di orí mú. O lè yá èèyàn ní agbádá, o lè yá a ní kẹ̀kẹ́, oríkì ilé ò ṣeé yá. Ó dà bí ìgbà tí o yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ, tí o lọ kàn án mọ́ ilé ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni láti ìlú yín tó bá ń kọjá á dúró, á ní kí ni ilẹ̀kùn lágbájá ń ṣe níbí? Ilé aláró ni ilé Òǹkọ̀wé, Àkànbí ni wọ́n ń kì í. Mo mọ̀. Ìgbà tó ti bọ́ lẹ́nu mi tán ni mo rántí pé mo mọ̀, mo sì tu ara mi nínú pé ta ló máa gbọ́ ọ ní Warri.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni Sìmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ya fíìmù náà. Ó fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó rù. Tó bá ń jẹun, fíìmù ló ń sọ. Tó bá ń sùn, ẹnu rẹ̀ á máa mì. Mi ò rí i kó fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àsàlátù dé, fóònù mi dún. Ràbí ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun nìkan ló kù nílé nínú ọmọ ìyá mi. Láti ìgbà tí fóònù ti délé wa ló ti ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè bú mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo jẹ?"

"Sítáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn."

"Oúnjẹ kọ́ nìyẹn. Gbọ́. Àwọn ará Èkó kan gbé kámẹ́rà wá sí ilé aláró, wọ́n ń ṣe fíìmù Òǹkọ̀wé. Wọ́n ní àwọn kan náà ń ṣe tiwọn ní Warri, pé bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó bá a gbé yàrá kan náà. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní àbúrò mi wà ní Warri, àmọ́ kò lè bá ẹni iyì gbé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àlàó, ìwọ ni, àbí ìwọ kọ́?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi dáa. Ẹbí wọn ò fẹ́ fíìmù méjì. Ọ̀kan ni wọ́n máa fún láṣẹ pé kó lo orúkọ Òǹkọ̀wé, lọ́yà máa dá ìkejì dúró. Àbẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ń bọ̀ wá sí Warri yín níbẹ̀, kó wá wo méjèèjì. Ẹgbẹ́ yín ló pè é. O rántí Àbẹ̀kẹ́? Obìnrin yẹn ò tíì gbàgbé nǹkan kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ."

Mo rántí Àbẹ̀kẹ́. Ilé kéwú kan náà la jọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó dé. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Tí mo bá ń fọ eyín, mò ń gbìmọ̀; tí mo bá ń kírun, mo ti ka ráká kan lé. Ní àràárọ̀ ni mo ń sọ fún ara mi pé òní ni n ó sọ fún Sìmí. Ní àràárọ̀ náà ló ń jáde pẹ̀lú ojú tó ti pọ́n nídìí kọ̀ǹpútà, á ní, "Grandpa, I don make the rain sound sweet. Come hear am." Mo máa ń lọ gbọ́ òjò. Mo gbìyànjú àìsàn fún ọjọ́ méjì. Ó pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì gún mi ní abẹ́rẹ́ tó mú kí àìsàn náà di òótọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi fíìmù méjèèjì hàn, kí àwọn èèyàn tó dé. Bàbá Mafimisẹ̀bi ni alága ẹgbẹ́ wa, ará Ìlàjẹ, ẹja gbígbẹ ló ń tà létí omi, ọ̀rẹ́ mi ni láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bá mi lẹ́yìn ilé.

"Kí lò ń wá nídìí jẹnẹrétọ̀?"

"Mò ń yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò."

"Pẹ̀lú kẹ́tùlù?"

"Àlùwàlá ni mo fẹ́ ṣe."

"Fún ta ni? Fún jẹnẹrétọ̀?" Ó gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ mi, ó da omi rẹ̀ nù. "Baba Book, ẹ̀rù ń bà ọ́ ni? Ìwọ tó o bá ọ̀nì kàwé?"

"Ẹ̀rù kankan ò bà mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ jókòó. Àga rẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò."

Àbẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀pá, ó kúrú, ó mọ́ tónítóní. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà tí a ò mọ̀, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, ti àwọn ará Èkó ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ó dára lójú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Àmọ́ ẹni tó ṣe Òǹkọ̀wé ga, ó sì mọ́ra, bẹ́ẹ̀ Òǹkọ̀wé tí mo rí kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n fi í sílé ńlá kan ní Edjeba, kọ́tìnnì funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó làágùn. Ní Warri. Òjò ò rọ̀ àfi ìgbà tí obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ ń sunkún, bó sì ṣe nu ojú ni òjò dá. Tó bá ti mú gègé báyìí, fèrè á máa dún. Mo ti ta bírò ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò gbọ́ fèrè kankan rí. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn mẹ́ta lọ́rùn, ó fi òyìnbó gbà á nímọ̀ràn gígùn kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ dáadáa. Àbẹ̀kẹ́ ò mira.

Ti Sìmí tẹ̀lé e. Kámẹ́rà wọn gbọ̀n níbì kan, ohùn sáré ju ẹnu lọ níbì kan. Ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Enerhen ni wọ́n fi ṣe Òǹkọ̀wé, Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Ṣùgbọ́n ó ń làágùn. Omi wọ yàrá rẹ̀, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìwé lé orí, ó ń fi èédú kọ ìtàn sára ògiri, omi ń gòkè, òun náà ń kọ ọ́ lọ sókè. Gbọ̀ngàn hó. Wọ́n ń sọ pé, "Na so. Na so e be." Wọ́n rí òjò wọn, wọ́n rí ọ̀nà wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, Òǹkọ̀wé ni wọ́n ń wò. Nínú èyí, ara wọn ni. Mo gbàgbé pé irọ́ mi ni. Mo ń wò ó bí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Ìyá wá jáde. Obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe é. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ létí, ó mú un lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àlàó, ọmọ abomi-tútù-pàdé-àlejò..." Àwọn obìnrin ń fi etí aṣọ nu ojú.

Àbẹ̀kẹ́ fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ẹ dá a dúró."

Wọ́n dá a dúró. Ó ní, "Ta ló ń jẹ́ Àlàó?"

Sìmí dìde níbi kọ̀ǹpútà. "Na him oríkì, ma. Na so him mama dey call am."

"Àkànbí ni ẹ̀gbọ́n mi. Aláró ni wá. Ìyeyè ojú ọ̀nà oko yẹn, mo mọ ilé tó ni ín, mo ti jẹ nínú rẹ̀ ní kékeré. Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Sìmí yíjú sí mi. Kò bínú, kò fura. Ó wò mí bí ẹni tó ń fi àlejò han ẹni tó mọ̀nà. Ó ní, "My grandpa sabi the matter, ma. E go explain."

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti wẹ̀, ó ti múra: pé ilé wa ni ìyá Òǹkọ̀wé wà kí aláró tó gbé e, pé oyún ti wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Irọ́ tó gbayì ni. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò sí ẹni tó lè tú u fó àfi Àbẹ̀kẹ́, ẹnìkan ṣoṣo sì ni. Mo lè fi gba fíìmù Sìmí là. Mo kàn máa sọ òkú obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí di alágbèrè níwájú ọmọ rẹ̀ ni. Sìmí sì ń wò mí, ó ń dúró. Bí mo bá sọ ọ́, á gbà á gbọ́, á sì lọ fi ṣe fíìmù.

Mo dìde.

"Èmi ni Àlàó," mo ní. "Ilé wa ni ìyeyè náà wà. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n yín gbé rí. Ẹ̀ẹ̀kan la pàdé. Tàdáwà ló fẹ́ rà, kò sì rà á."

Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Baba Book, you fall our hand o." Bàbá Mafimisẹ̀bi ń wo ilẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ yẹ̀ mí wò títí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé wàláà mi sá nílé kéwú."

"Èmi ni."

"Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti jókòó." Ó kọjú sí gbogbo èèyàn. "Ìyá wa ti kú kí ẹ̀gbọ́n mi tó wá síbí. Kò sí ẹni tó sìn ín dé ibì kankan. Àwọn ará Èkó wá sílé wa, wọ́n ya ògiri, wọ́n ya àga, wọn ò bi mí léèrè ìyá, wọ́n fi iyùn sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin tún fún un ní ìyá onílé onílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ́yà yẹn, fẹ́ ti àwọn ará Èkó. Kó mú un, kí wọ́n lọ yọ ìyá yẹn kúrò. Èyí náà, ẹ yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò nínú rẹ̀."

Nígbà tó ń jáde, ó dúró lọ́dọ̀ Sìmí. "Eré rẹ dáa, ọmọ mi. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Lọ wádìí ẹni tó jẹ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Sìmí ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á lọ. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá kejì, síwá sẹ́yìn, mo ń kà á. Mo rò pé á kó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Pọ́tákọ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, mo máa ń wò ó bóyá ó gbé báàgì.

Mo rò pé Warri náà á lé mi. Nílé wa, orin ni wọn ì bá fi lé mi jáde. Ọjọ́ kejì, mo gbé àtẹ lọ sí Enerhen nítorí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú mi. "Baba Liar, good morning. Bring biro." Mo fún un. Wọ́n sún àga mi sí ìlà kejì nínú ìpàdé, wọn ò gbé e síta. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rò ó. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa mi jẹ́ òótọ́, wọ́n sì tún ń kí mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Sìmí wọlé wá pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kò gbé fóònù kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀.

"I no fit throw am away," ó ní. "If na you dey inside the film, e fit stand. But I go change everything wey be lie. So talk true."

"N ó sọ òótọ́."

"The fish?"

Mo ronú. "Ẹja wà níbẹ̀."

Ó wò mí. Ó kọ ọ́. "Your mama. Na so she do, the day wey you leave?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó kọ ọ́. Kò gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Grandpa."

Mo wo ilẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Mo fẹ́ mú ọ̀nì kan jáde láti ibì kan, kò sí ọ̀nì.

"Kò sí nílé," mo ní. "Oko ló wà. Mo dúró kó lọ tán kí n tó di ẹrù, torí bí mo bá rí ojú rẹ̀, mi ò ní lè lọ. Kò fẹ́ atẹ́gùn sí mi létí. Oríkì yẹn, òun ló fi ń jí mi tí ilé kéwú bá ti yá, àmọ́ kò kì mí lọ́jọ́ náà. Ó kú kí n tó padà wálé."

Sìmí fa igi lé ohun tó kọ. Ó ní, "So when she come back from farm, come no see you, wetin she do?"

"Mi ò mọ̀."

"You no ask?"

"Ta ni mo fẹ́ bi?" Bẹ́ẹ̀ mo mọ ẹni tí mo lè bi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pè mí, mi ò bi í rí. Ẹ̀rù èyí ju ti Àbẹ̀kẹ́ lọ.

Sìmí mú fóònù mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sáàárín wa kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ṣé o ti jẹun?" Ràbí ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí mo lọ. Nígbà tí Màmá ti oko dé."

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó.

"Ó béèrè ẹ. Mo ní o ti lọ. Ó nà mí."

"Ó nà yín?"

"Igi ìdáná ló fi nà mí. Ó ní ṣé mi ò lẹ́sẹ̀ ni, tí mi ò lè sáré wá pe òun lóko kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó nà mí títí ọwọ́ fi ro ó. Nígbà tó yá, ó jókòó tì mí, ó ń fi àdí pa ojú ibi tó bó, ó ń bi mí irú aṣọ tó o wọ̀ lọ."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní èyí tó nípọn ni. Torí òtútù."

Búbá tó ti ya léjìká ni mo wọ̀, Ràbí sì mọ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní.

"Ó ti pẹ́. Ta ló ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀?"

"Sìmí ni. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Sọ fún un kó kọ ọ́ pé mi ò sunkún."

Ohùn rẹ̀ ti ya kó tó parí rẹ̀. Sìmí gbójú sókè wò mí, bírò rẹ̀ dúró lórí ìwé. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.